Òkun tó ń rọ òjò sí Kàbà

Ayétòrò méjì ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Ọ̀kan wà ní Ìlàjẹ, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, létí òkun gan-an. Ọdún 1947 ni wọ́n tẹ̀ ẹ́ dó, ìgbì òkun sì ti wó ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ lọ. Èkejì ni Ayétòrò Gbẹ̀dẹ̀ ní Ìjùmú, nítòsí Kàbà ní ìpínlẹ̀ Kogí, láàárín òkè àti àpáta, níbi tí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè má tíì fojú kan òkun rí. Ó rọrùn láti rò pé ohun tó ń ṣe ti Ìlàjẹ kò kan ti Gbẹ̀dẹ̀. Ṣùgbọ́n òkun kan náà tó ń kó ilé lọ ní Ìlàjẹ ló ń fi òjò tó ń hu iṣu ránṣẹ́ sí Gbẹ̀dẹ̀.

Láti Kàbà dé etí òkun tó sún mọ́ ọn jù, ó ju 200 kìlómítà lọ. Ooru ló ń ti omi rin ọ̀nà yẹn. Tí oòrùn bá ń pa ilẹ̀ àti omi bákan náà, ilẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ gbóná. Láti nǹkan bí oṣù Kejì lọ, ooru ilẹ̀ á máa le sí i, pàápàá lápá aṣálẹ̀ Sàhárà. Afẹ́fẹ́ tó bá gbóná á fúyẹ́, á gbéra lọ sókè, afẹ́fẹ́ tó ti mu omi yó lórí òkun á sì rọ́ wọlé láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn wá gba àyè rẹ̀. Ọyẹ́ náà wà níbẹ̀, afẹ́fẹ́ gbígbẹ tó ń gbé eruku bọ̀ láti àríwá ìlà-oòrùn. Ibi tí àwọn méjèèjì ti ń forí gbárí kì í dúró lójú kan. Ní oṣù Kìíní, ìtòsí etíkun ló máa ń wà, ìdí nìyẹn tí ọyẹ́ fi ń la ètè èèyàn ní Ìsánlú àti Ìyàrà. Tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ, ó ti gòkè dé nǹkan bí dígírì 20 sí àríwá ìlà tó dá ayé sí méjì. Kàbà kò kọjá nǹkan bí dígírì 8.

Òjò kì í rọ̀ lójú ààlà yẹn fúnra rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ lápá gúúsù ni, níbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti nípọn tó láti di àwọsánmà ńlá. Ìyẹn ló fà á tí àkọ́rọ̀ òjò fi ń dé etíkun kó tó dé ilẹ̀ Yàgbà, tí òjò sì ń tètè dá ní Yàgbà kó tó dá létíkun.

Òkun náà ní ìgbà tirẹ̀. Ní oṣù Keje àti Kẹjọ, omi tútù máa ń rú jáde láti ìsàlẹ̀ ní apá òkun tó wà níwájú Gánà àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Afẹ́fẹ́ orí omi tútù kì í fẹ́ gbéra sókè, bẹ́ẹ̀ ni òjò fúnra rẹ̀ ti kọjá lọ sí òkè Ọya lásìkò náà. Èyí wà lára ohun tó ń mú kí òjò dáwọ́ dúró díẹ̀ nínú oṣù Kẹjọ. Ó máa ń hàn gbangba ní Èkó. Ní ilẹ̀ àwọn Yorùbá tí à ń pè ní Okun, ìyẹn agbègbè Kàbà, Ìjùmú àti Yàgbà, ó máa ń hàn lọ́dún kan, kó má fi bẹ́ẹ̀ hàn lọ́dún mìíràn.

Ẹni tó bá ti mọ èyí á mọ ìdí tí ìgbóná òkun fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀. Tí apá òkun yìí bá gbóná ju bó ṣe yẹ lọ, òjò á fẹ́ jókòó sí etíkun, òkè á gbẹ. Ọ̀dá ńlá tó pa ènìyàn àti ẹran ní Sàhẹ́lì, ilẹ̀ tó wà ní gúúsù aṣálẹ̀ Sàhárà, láàárín ọdún 1970 sí 1989 jẹ́ ẹ̀rí. Nígbà yẹn, àwọn onímọ̀ kan di ẹ̀bi ọ̀dá náà ru àgbẹ̀ àti darandaran, wọ́n ní wọ́n gégi jù, ẹran wọn sì jẹ koríko tán. Ìwádìí tó tẹ̀ lé e fi hàn pé bí ooru ṣe pín lórí òkun ayé ló ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ẹrù òkun ni wọ́n gbé lé àwọn tálákà lórí, ó sì yẹ kí a máa rántí ìyẹn nígbàkígbà tí ẹnì kan bá fẹ́ di ẹ̀bi òjò ru ẹni tó ń fi ọkọ́ àti àdá jẹun.

Ní báyìí, òkun ń gbóná lódindi. Láàárín ọdún 2011 sí 2020, ooru ayé fi nǹkan bí dígírì 1.1 ju ti ọdún 1850 sí 1900 lọ, nítorí èéfín epo, èédú àti gáàsì tí wọ́n ń sun. Èyí tó ju ìdá 90 nínú ìdá 100 ooru àfikún náà lọ, inú òkun ló wọ̀ sí. Omi tó bá gbóná máa ń fẹ̀, yìnyín orí ilẹ̀ sì ń yọ́ sínú òkun. Ohun méjì yìí ló gbé omi òkun ayé ga ní 20 sẹ̀ǹtímítà láàárín ọdún 1901 sí 2018. Eré rẹ̀ náà ti yí padà: títí di 1971, bíi mílímítà 1.3 ló ń gòkè lọ́dún. Láàárín 2006 sí 2018, ó ti di 3.7. Níbi tí ilẹ̀ fúnra rẹ̀ bá tún ń rì, bíi ti àwọn ibì kan ní Èkó tí wọ́n ti ń fa omi abẹ́ ilẹ̀ lápọ̀jù, ìyà náà di ìlọ́po.

Ní ti òjò, ìṣirò kan wà tó tọ́ kí gbogbo àgbẹ̀ mọ̀: tí afẹ́fẹ́ bá fi dígírì kan gbóná sí i, omi tó lè gbé á fi bí ìdá 7 nínú 100 pọ̀ sí i. Àpò òjò ti tóbi sí i nìyẹn. Nígbà tó bá máa tú, ó máa ń tú lẹ́ẹ̀kan náà, ilẹ̀ òkè kò sì lè mu gbogbo rẹ̀. Àpapọ̀ òjò ọdún lè má yí padà rárá, kí ọ̀gbàrà sì máa gbé èébù iṣu lọ lónìí, kí ebè tún gbẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé àyípadà ni, tí kì í ṣe ọdún búburú kan? Igi kan kì í dágbó ṣe. Ọdún 30 ni àwọn onímọ̀ ojú ọjọ́ máa ń kó jọ kí wọ́n tó sọ pé bí ibì kan ṣe rí rèé. Èyí tó wà lójú iṣẹ́ báyìí ni 1991 sí 2020. Láràárọ̀ ni wọ́n ń wo omi tó wà nínú ago òjò. Mílímítà kan túmọ̀ sí lítà omi kan lórí ilẹ̀ tó gùn ní mítà kan, tó fẹ̀ ní mítà kan. Ní Lọ́kọ́ja, nǹkan bí 1,200 irú rẹ̀ ló ń rọ̀ lọ́dún, ó sì lè fi ọgọ́rùn-ún méjì lọ sókè tàbí sísàlẹ̀ láìsí nǹkan tuntun kankan níbẹ̀. Nítorí náà, àkúnya omi Lọ́kọ́ja ní 2012 àti 2022 kò tó ẹ̀rí lójú ara rẹ̀ nìkan. Omi tó rọ̀ ní ọ̀nà jíjìn, níbi tí odò Ọya àti odò Bẹ́núé ti ń ṣàn bọ̀, títí dé Kamẹrúùnù, ló rọ́ wá síbẹ̀. Tí wọ́n bá tún gbé ago náà kúrò nípò, tàbí tí ẹni tó ń kà á bá fi oṣù méjì sílẹ̀, àkọsílẹ̀ náà á di èké láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni purọ́. Ooru kì í ṣe bẹ́ẹ̀ lọ sókè sódò bí òjò, ìdí nìyẹn tí àyípadà fi tètè hàn nínú rẹ̀.

IPCC, ìgbìmọ̀ onímọ̀ ojú ọjọ́ lágbàáyé, sọ ní 2021 pé tí ooru bá ń pọ̀ sí i bẹ́ẹ̀, òjò Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà á máa pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, á sì máa pẹ́ kó tó lọ. Òjò tó bá pẹ́ lọ lè bá òdòdó kajú lórí igi, kó sì bà á jẹ́. Àmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ló ń kó ìdààmú bá àgbẹ̀ jù, torí òjò kan lè rọ̀ ní oṣù Kẹta, kí wọ́n ti gbin àgbàdo, kí ọ̀dá ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sì tẹ̀ lé e. NiMet, àjọ ojú ọjọ́ Nàìjíríà, máa ń gbé ọjọ́ ìbẹ̀rẹ̀ òjò jáde níbẹ̀rẹ̀ ọdún kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ fún agbègbè Kàbà kì í ṣe ọjọ́ tí òjò àkọ́kọ́ máa kán. Ọjọ́ tí wọ́n rò pé ilẹ̀ á ti lómi tó ni, tí irúgbìn tó bá hù á fi lè yè títí òjò mìíràn á fi dé.