Ẹ̀gẹ́ Kọ́ Ni Gààrí

"Bàbá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ẹran pọ̀nmọ́ ńkọ́? Ṣé ẹ ò sin ín ni?"

Ọmọbìnrin ọdún mẹ́jọ ló bi mí bẹ́ẹ̀ lóko mi, lẹ́bàá ọ̀nà Ìbàdàn sí Ọ̀yọ́. Ó ti rí adìyẹ, ó ti rí ewúrẹ́, ó wá ń wo ẹ̀yìn ọgbà kiri bóyá pọ̀nmọ́ á yọjú. Mo ní awọ màlúù ni. Ó wò mí bí ẹni tí àgbàlagbà purọ́ fún.

Ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí àwọn ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti ń kó ọmọ wá bá mi lọ́jọ́ Thursday, n ò sì tíì rí èyí tí wọ́n wá tí n ò rẹ́rìn-ín sùn. Ọ̀kan ní inú fíríìjì ni adìyẹ ń yé sí. Ọ̀kan fi aṣọ òtútù ìyá rẹ̀ we ẹyin mẹ́fà látinú kréètì kí wọ́n lè pa. Ọjọ́ mọ́kànlélógún kò pé tí òórùn fi lé gbogbo ilé jáde. (Ẹyin tí adìyẹ yé láìsí àkùkọ nítòsí, ẹ̀ báà gbé e sórí iná àdìrò, kò ní pa.) Ọ̀kan júwe igi ọ̀pẹ òyìnbó fún mi, ó ní ó ga ju òpó iná lọ. Mo fi hàn án nílẹ̀, kò ju orúnkún rẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ṣé òun ló pè é ní ọ̀pẹ? Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni ti ọmọ tí tíṣà sọ fún pé ẹyìn la fi ń ṣe epo. Ọmọ Èkó ni, àmì ohùn kì í dúró létí rẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹyin ni, ó sì ṣàlàyé fún mi, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, pé pupa inú ẹyin ló sọ epo di pupa.

Irú àṣìṣe báyìí ní làákàyè nínú. Ẹni tó ní ẹ̀pà ń so lókè bí ọsàn gba ìdajì máàkì lọ́wọ́ mi, nítorí òkè ni ẹ̀pà ti ń tanná lóòótọ́. Ìgbà tí òdòdó bá rọ ni ìdí rẹ̀ á na bí ìka, á gún ilẹ̀, á wọlé lọ so nínú òkùnkùn. Kí ẹ má sì rò pé ọmọdé nìkan ni. Ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1957, BBC fi hàn lórí tẹlifíṣọ̀n pé àwọn kan ń ká sùpàgẹ́tì lórí igi ní Switzerland. Àwọn olówó-orí ló ń pè wọ́n lórí fóònù pé báwo làwọn náà ṣe lè gbìn ín.

Ẹ̀yin òbí ni mo ní bá wí. Ta ló ń sọ fún ọmọ pé bó bá gbé kóró ọsàn mì, igi á hù níkùn rẹ̀? Inú ikùn kì í ṣe ilẹ̀ẹ́dú. Ọmọ á gbé kóró mì, kóró á bá ìgbẹ́ jáde, ọmọ á sì mọ̀ pé òpùrọ́ ni yín. Lọ́jọ́ tí ẹ bá wá sọ òtítọ́ fún un, pé kóró agbálùmọ̀ lè há sí ọ̀nà èémí àbúrò rẹ̀, á ní àlọ́ yín ni.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ ló gbé mi dé ibí, nítorí òun ni mo fi ọdún mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n ṣe níṣẹ́. N ò ní sọ̀rọ̀ gbígbìn, ta ni kò mọ̀ pé igi rẹ̀ la ń gé rì mọ́lẹ̀? Ohun tí àwọn èèyàn kò mọ̀, tí wọn ò sì fẹ́ gbọ́, ni ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ̀gẹ́ ní èròjà kan tí wọ́n ń pè ní linamarin. Ó tún ní òmíràn tó jẹ́ pé iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó máa tú linamarin palẹ̀. Ẹ̀gẹ́ tó wà láàyè ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ọ̀tọ̀ bí orogún tí ọkọ fún ní yàrá tiwọn. Bí ẹ bá gé e, tí ẹ rin ín, ògiri wó, orogún pàdé, ìjà dé. Ohun tó ń ti inú ìjà yẹn jáde ni sáyánáìdì, májèlé gidi.

Ẹ fetí sílẹ̀ níbí, nítorí ibí ni wọ́n ti máa ń já mi sílẹ̀ láti lọ wo ewúrẹ́. Ìgbà tí a bá ṣẹ̀ṣẹ̀ rin ẹ̀gẹ́ tán ni májèlé yìí ń tú síta jù lọ. Kò gbóná púpọ̀ kó tó fò. Nǹkan bí 26°C ti tó o láti di atẹ́gùn, ọ̀sán wa sì gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ìyá wa fi ń dì í sínú àpò, tí wọ́n ń gbé òkúta lé e, tí wọ́n ń jẹ́ kó kan fún ọjọ́ méjì, mẹ́ta. Omi tó ń ro jáde ń kó nínú rẹ̀ lọ, atẹ́gùn ń kó, agbada gbígbóná ń lé ìyókù. Àwọn Ìjẹ̀bú a tún máa fi sílẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ, òun ló fi ń kan lẹ́nu. Wọn ò lọ sí yunifásítì kankan kọ́ èyí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àìkájú iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ ń ṣe, kó lọ wo iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Káyọ̀dé Ọ̀ṣuntókun ṣe ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ láàárín àwọn ọdún 1960. Ẹsẹ̀ àwọn èèyàn ń kú tipiri, wọ́n ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ọ̀mùtí, ojú àti etí ń lọ. Ohun tó tọ́ka sí ni sáyánáìdì díẹ̀díẹ̀ látinú oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ lójoojúmọ́, fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Síbẹ̀, mo ń rí àwọn tó ń rin ín láàárọ̀ tí wọ́n ń yan án nírọ̀lẹ́, torí owó ọjà. Mo ń rí àwọn tó ń da ọṣẹ ìfọṣọ sínú omi fùfú kó lè tètè rọ̀. Rírọ̀ kọ́ ni kíkan o! Àwọn míì á ní epo pupa tí àwọn fi sí gààrí ti pa májèlé rẹ̀. Epo ń pọ́n gààrí lójú ni. Kò lè bá yín ṣe iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ sá fún.

Ẹ̀gẹ́ kan wà tí a ń sè jẹ, tí sáyánáìdì rẹ̀ kò tó 50 mílígíráàmù nínú kìlógíráàmù kan. Wọ́n ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá èèyàn lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Rárá. Èmi gan-an, tó mọ irú ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń pè ní TME 419 láti ojú títì, n kì í fi ojú lásán búra fún ẹ̀gẹ́ tí n kò mọ ẹni tó gbìn ín.

Lọ́dún tó kọjá, nígbà òjò àkọ́rọ̀, kíláàsì kan wá. Mo hú ẹ̀gẹ́ ńlá kan lójú wọn, mo gbé e sókè, mo ní, "Ẹ wò ó, gààrí nìyí!" Wọ́n pàtẹ́wọ́, èmi náà ń yan. Òjò ṣú, dírẹ́bà ń fọn fèrè, wọn ò dé ìdí agbada.

Ní Sátidé, ọ̀kan nínú wọn, ọmọkùnrin ọdún méje, hú ẹ̀gẹ́ nínú ọgbà aládùúgbò. Ó bó o, ó ṣan án dáadáa, ó fi ìrin tí ìyá rẹ̀ fi ń rin ilá rin ín sínú abọ́. Ó bu omi tútù sí i, ó ṣe ṣúgà sí i, ó wọ́n ẹ̀pà lé e. Ó bu fún àbúrò rẹ̀ obìnrin, ọmọ ọdún mẹ́rin, ọmọ rere. Wọ́n jọ mu gààrí.

Wákàtí méjì kò pé tí àbúrò fi ń bì. Ẹ̀gbọ́n ní ilé ń yí òun lójú. Ìyá wọn ti lọ sọ́jà. Ìyá àgbà ló wà nílé, ó sáré gbé ìgò epo pupa, torí wọ́n ti sọ fún un láti kékeré pé epo ni ẹ̀rọ̀ májèlé. Ó rọ ọ́ sí àbúrò lẹ́nu níbi tó ti ń bì lọ́wọ́, epo sì gba ọ̀nà èémí. Ẹ̀gbọ́n sá fún epo, ó kúrò nílé ìwòsàn lọ́jọ́ kejì. Àbúrò lo ọjọ́ mọ́kànlá, pẹ̀lú ọ́síjìn nímú, torí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Ẹ má fún ọmọ tó jẹ májèlé ní epo. Ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ti ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ gbé e, ẹ gbé ìyókù ohun tó jẹ, kí ẹ máa sáré lọ sílé ìwòsàn.

Ní àdúgbò, nígbà tí à ń wí yìí, wọ́n ti ká aládùúgbò mọ́lé. Wọ́n ní ààlè tó fi sórí ẹ̀gẹ́ ló mú àwọn ọmọ. Mo dé bá wọn níbẹ̀, orí mi gbóná. Mo ní ẹ̀gẹ́ kò nílò kí ẹnikẹ́ni fi ààlè sí i, tirẹ̀ ti wà nínú rẹ̀ kí wọ́n tó bí babaláwo yín, òun ló fi ń lé ohun tó bá fẹ́ jẹ ẹ́. Ìyá àwọn ọmọ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán. Ó wá sọ jẹ́ẹ́jẹ́ pé, "Bàbá, ọmọ ní ẹ̀yin lẹ sọ pé gààrí ni."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, mà. Èmi ni."

Láti ìgbà náà, abọ́ márùn-ún ló ń wà lórí tábìlì mi: ẹ̀gẹ́ tútù, èyí tí a rin láàárọ̀ yẹn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn, èyí tó ti kan fún ọjọ́ mẹ́ta, èyí tí a jọ̀, àti gààrí. Kò sí àtẹ́wọ́ títí a ó fi dé abọ́ karùn-ún, bí òjò ń rọ̀, kó máa rọ̀. Ọmọ ẹlẹ́ran pọ̀nmọ́ yẹn gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó gbóòórùn abọ́ kẹta, ó fọwọ́ di imú, ó rò ó títí.

"Bàbá Ẹlẹ́gẹ̀ẹ́, ṣé ọjọ́ mẹ́ta náà ni awọ màlúù ń lò nínú àpò kó tó di pọ̀nmọ́?"

Mo ní kó lọ bi alápatà.