Páílọ́ọ̀tì Wà Nínú Ọkọ̀, Ọkọ̀ Tún Fìdí Kanlẹ̀

Bí ọkọ̀ èrò bá há bó ṣe ń kúrò ní èbúté, ohun táwọn èèyàn kọ́kọ́ máa ń bi mí ni pé, ṣé kò sí páílọ́ọ̀tì níbẹ̀ ni? Ó sábà máa ń wà níbẹ̀. Ó mọ omi agbègbè náà bí ẹni mowó, òun ló sì ń sọ ibi tí wọ́n máa darí ọkọ̀ sí. Àmọ́ ní ọ̀pọ̀ èbúté, kì í gba ọkọ̀ lọ́wọ́ ọ̀gákọ̀. Ọrùn ọ̀gákọ̀ lẹrù ṣì wà.

Ẹ wo ọkọ̀ èrò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Queen Elizabeth 2. Lálẹ́ ọjọ́ 7 oṣù Kẹjọ ọdún 1992, ó kúrò ní Martha's Vineyard ní Amẹ́ríkà, ó ń lọ sí New York, páílọ́ọ̀tì sì wà nínú rẹ̀. Ìdí ọkọ̀ wọ omi tó bí ẹsẹ̀ bàtà 32. Máàpù ní omi náà jìn tó 39. Síbẹ̀, ó gbá àpáta nítòsí erékùṣù Cuttyhunk. A dúpẹ́ pé kò sẹ́ni tó fara pa.

Ọdún 1939 ni wọ́n ti wọn omi ibẹ̀, máàpù kò sì fi àpáta náà hàn. Eré tí ọkọ̀ ń sá, bíi nọ́ọ̀tì 24 (nǹkan bíi kìlómítà 44 ní wákàtí kan), ló dá kún un. Bí àyè abẹ́ ọkọ̀ bá há, ńṣe ni omi á máa sáré gba ibẹ̀ kọjá, agbára tó fi ń gbé ọkọ̀ sókè á dín kù, ọkọ̀ á sì rẹlẹ̀ sí i. Squat là ń pè é. Bí eré bá di ìlọ́po méjì, squat á fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Ẹsẹ̀ èèyàn máa ń kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n: irin tí o dúró lé á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, ọkọ̀ á sì lọ́ra láti yí.

Ohun tó dùn mí jù ni èyí tí NTSB, àjọ tó ń wádìí jàǹbá ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà, sọ lẹ́yìn tí wọ́n wádìí ọ̀rọ̀ náà: páílọ́ọ̀tì, ọ̀gákọ̀ àtàwọn ọ̀gá tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kò jọ jíròrò kí wọ́n fẹnu kò lórí ọ̀nà tí wọ́n máa gbà jáde. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n wá yà sí ọ̀nà tí kò sí nínú ètò.

Nítorí náà, bí ẹ bá jókòó sínú ọkọ̀, tí páílọ́ọ̀tì ti wọlé, tí wọn ò sì tíì tú okùn, ẹ má kánjú. Ó ṣeé ṣe kí òun àti ọ̀gákọ̀ ṣì tẹ̀ mọ́ máàpù, kí ọ̀gákọ̀ máa bi í pé: "Ibo la ti máa dín eré kù? Ibo la bá dé tí a ò ní lè yí padà mọ́?"