Ampilifáyà onítúùbù: ẹ kọ́kọ́ wo ohun tó máa wà létí yín

Mo máa ń ṣe ampilifáyà onítúùbù, ẹ̀rọ tí ń sọ ohùn orin di ńlá, fún hẹ́dífóònù, orúkọ túùbù sì ni àwọn èèyàn máa ń kọ́kọ́ dá fún mi. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá bá mi, kò tíì jókòó dáadáa tó fi ní, "Ẹ̀gbọ́n, 300B ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi fi ṣe é." Ó ti rí àwòrán rẹ̀ níbi tó ti ń tàn nínú òkùnkùn, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ síbẹ̀. Mo bi í pé hẹ́dífóònù wo ló fẹ́ fi gbọ́ orin. Ó wò mí bí ẹni tí mo yí ọ̀rọ̀ mọ́ lọ́wọ́. Bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ la fi ń wọn bàtà.

Fún ẹni tí kò mọ túùbù rí: ìgò kan ni, tí wọ́n ti fa afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ tán. Okùn iná inú rẹ̀ ń mú kátóòdù gbóná, kátóòdù ń tú ẹlẹ́kítírọ́ọ̀nù sílẹ̀, páànù irin tó wà lódìkejì sì ń fà wọ́n mọ́ra nítorí pé iná bíi volt 250 tàbí 300 wà lára rẹ̀. Láàárín àwọn méjèèjì ni asẹ́ kan wà tí wọ́n fi wáyà tín-ín-rín ṣe. Lee de Forest, ará Amẹ́ríkà, ló fi asẹ́ yẹn kún un ní 1906. Ìwọ̀nba iná tí orin bá gbé wá sára asẹ́ ló ń darí ìṣàn ńlá náà, bí ìgbà téèyàn fi ìka méjì yí ẹnu ẹ̀rọ omi. Ìyẹn náà tó.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ nípa hẹ́dífóònù yín ni ohm rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ń dènà iná tó. HD 650 ti Sennheiser jẹ́ ohm 300. DT 880 ti Beyerdynamic wà tó jẹ́ ohm 600. Ọ̀pọ̀ èyí tí wọ́n ṣe fún fóònù kò ju nǹkan bí ohm 32 lọ. Èyí tí ohm rẹ̀ pọ̀ ń fẹ́ volt, kò fẹ́ ìṣàn púpọ̀, ó sì bá túùbù lára mu, nítorí volt kì í wọ́n túùbù, ìṣàn ló ń ṣahun sí. Túùbù àti ohm 32 kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ ara wọn yé.

Ojú mi rí i lára èyí tí mo kọ́kọ́ ṣe. Túùbù 6SN7 ló wà níwájú, túùbù 6AS7 lẹ́yìn, kò sí tàǹsífọ́mà níbi tí ohùn ti ń jáde. Wọn ò tilẹ̀ ṣe 6AS7 nítorí orin, iṣẹ́ kó máa mú iná dúró sójú kan ni wọ́n ṣe é fún. Ṣùgbọ́n ìdènà inú rẹ̀ kéré, nǹkan bí ohm 280, tí a bá sì gba ohùn lára kátóòdù rẹ̀, á wálẹ̀ sí bí ohm 93. Kapásítọ̀ kan ló wà láàárín òun àti hẹ́dífóònù, kí iná tí kì í yí má bàa dé etí ẹni. Kapásítọ̀ tó dáa wọ́n, mo sì háwọ́: microfarad 22 (ìyẹn bí iná tó lè gbà ṣe pọ̀ tó) ni mo fi sí i. Pẹ̀lú HD 650, ohùn náà dùn débi pé mi ò tètè sùn lóru ọjọ́ náà. Nígbà tó yá, ọ̀rẹ́ mi kan gbé ti ohm 32 tirẹ̀ wá. Ohùn ìlù ńlá pòórá. A pààrọ̀ túùbù, a pààrọ̀ wáyà, ó kù díẹ̀ ká bú hẹ́dífóònù. Àṣé ìṣirò ni. Pẹ̀lú ohm 300, kapásítọ̀ yẹn ń bẹ̀rẹ̀ sí í gé ohùn ìsàlẹ̀ ní nǹkan bíi hertz 18 (ìyẹn ìgbọ̀n 18 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan), níbi tí etí kò ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbọ́ nǹkan kan mọ́. Pẹ̀lú ohm 32, láti hertz 58 ló ti ń gé e, àárín ibi tí ìlù ńlá ń gbé sì nìyẹn. Èyí tó tún burú ni pé bí túùbù bá tu volt mẹ́rin, nǹkan bíi mẹ́ta ń ṣòfò sínú ara rẹ̀, ẹyọ kan ló ń dé etí. Ti HD 650, òdìkejì rẹ̀ ni: mẹ́ta dé etí, ọ̀kan ṣòfò.

Nítorí náà, ẹni tó bá ní ju hẹ́dífóònù kan lọ, tàǹsífọ́mà ni kó lò. Tí wáyà apá ti túùbù bá yí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá fún ẹ̀ẹ̀kan apá ti etí, ohm 32 á dà bí ohm 3,200 lójú túùbù, torí pé mẹ́wàá lọ́nà mẹ́wàá ni ìṣirò rẹ̀. Túùbù á mí kanlẹ̀. Ẹ lè fa ẹnu wáyà méjì tàbí mẹ́ta jáde kí oríṣiríṣi hẹ́dífóònù lè rí tirẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wà nínú rẹ̀ o. Ìpele wáyà apá méjèèjì gbọ́dọ̀ máa bọ́ sáàárín ara wọn kí ohùn òkè má bàa kú. Irin rẹ̀ gbọ́dọ̀ tóbi, kí àlàfo kékeré sì wà nínú rẹ̀, torí iná túùbù tó ń gba inú rẹ̀ kọjá nígbà gbogbo. Ó wúwo, ó sì wọ́n. Bí owó yín bá jẹ́ mẹ́wàá, ẹ jẹ́ kí mẹ́fà lọ síbi irin. Àwọn tó ń ná mẹ́fà yẹn sórí túùbù àtijọ́, mi ò bá wọn jà, ṣùgbọ́n mi ò ní bá wọn lọ sọ́jà.

Ariwo ni ìṣòro tó kù, òun ló sì ń gba àkókò mi jù. Ẹni tó ń gbọ́ orin láti inú sípíkà jókòó sókèèrè, hẹ́dífóònù lẹ̀ mọ́ etí. Tí volt kan bá wọ HD 650, ariwo rẹ̀ á tó nǹkan bíi decibel 103. Ẹ wá mú ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún volt yẹn: decibel 43 ṣì ni. Nínú yàrá tó pa rọ́rọ́, ẹ ó gbọ́ ọ kedere bí oyin tó ń kùn. Etí sì lè sọ ibi tó ti ń wá. Níbi tí iná bá ti jẹ́ hertz 50, ìkùn tó jinlẹ̀ tó sì rọ̀ ń wá láti ara okùn iná túùbù, tàbí kí tàǹsífọ́mà iná máa fi òòfà rẹ̀ da tàǹsífọ́mà ohùn láàmú. Èyí tó ga díẹ̀, tó ń họ bí ayùn, hertz 100 ni: ṣóòkù (wáyà tí a lọ́ yí irin) àti kapásítọ̀ ibi tí a ti ń tún iná ṣe ni kò tó.

Ti òòfà yẹn, bí mo ṣe ń ṣe é rèé kí n tó lu ihò kankan sára àpótí. Màá tan tàǹsífọ́mà iná nìkan, láìsí túùbù, láìsí nǹkan mìíràn. Màá so hẹ́dífóònù mọ́ tàǹsífọ́mà ohùn, màá gbé e ka orí tábìlì, màá wá máa fi ọwọ́ yí i díẹ̀díẹ̀. Á kùn, á kùn, á ṣàdédé dákẹ́ síbì kan. Màá fi pẹ́ńsùlù sàmì yí ẹsẹ̀ rẹ̀ ká, ibẹ̀ náà ni ihò máa wà. Kì í sábàá jẹ́ ibi tó lẹ́wà jù lójú.

Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi túùbù 12AX7 tàn yín nítorí pé ó ń sọ nǹkan di ìlọ́po ọgọ́rùn-ún. Volt méjì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ń kọ orin ń gbé wá, hẹ́dífóònù púpọ̀ kò sì fẹ́ tó ẹyọ kan. Ẹ ó kàn máa sọ ariwo di púpọ̀ ni, bọ́tìnnì ohùn kò sì ní lè kúrò nísàlẹ̀, níbi tí etí ọ̀tún àti òsì kì í ti í dọ́gba.

Ọ̀rọ̀ ẹ̀mí wá kù. Kapásítọ̀ volt 300 kò mọ̀ pé ẹ ti pa iná: iná ṣì wà nínú rẹ̀. Mo máa ń so rẹsítọ̀ mọ́ ọn kó máa fà á gbẹ: kilo-ohm 220 lára microfarad 100 á mú un wálẹ̀ sí bíi volt méjì láàárín ìṣẹ́jú méjì. Síbẹ̀ náà, mítà ni mo máa ń kọ́kọ́ ki bọ ibẹ̀ kí n tó ki ọwọ́ mi bọ̀ ọ́, ọwọ́ kejì á sì wà nínú àpò. Ní ti etí, mo máa ń fi rílè kan (suwíìṣì tí iná fúnra rẹ̀ ń tẹ̀) sí i tí kì í ṣí ọ̀nà sílẹ̀ fún hẹ́dífóònù títí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú-àáyá á fi kọjá, torí pé ampilifáyà máa ń ta bí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbóná.

Ohm 32 ni hẹ́dífóònù ọ̀dọ́mọkùnrin wa. 6SN7 ni mo fi síwájú, EL84 lẹ́yìn, pẹ̀lú tàǹsífọ́mà méjì tí kò lè fi ọwọ́ kan gbé. Nígbà tó rí i pé kò sí 300B níbẹ̀, ojú rẹ̀ rọ díẹ̀. Mo gbé hẹ́dífóònù lé e lórí láìtíì fi orin sí i, ó sì dijú. Rílè dún kà. Ó dúró títí, ó wá ṣí etí kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì tan án ni?"