Ọtí àti oògùn kò mú ọpọlọ olùkọ kóòdù jí: àlàyé lórí ìgbàgbọ́ òdì kan

Láàárín àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ kóòdù, ìyẹn àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀lé, ní Àjàṣẹ́, ní Kétu àti ní Ṣábẹ̀ẹ́, àwọn tí ọ̀pọ̀ ènìyàn níhìn-ín ń pè ní développeur, ọ̀rọ̀ kan wà tí a máa ń gbọ́ bí iṣẹ́ bá wọ òru: pé ìgò bíà kan tàbí ife sódàbì kékeré kan ni yóò ṣí ọpọlọ, àti pé ẹni tó bá mu díẹ̀ ni kóòdù máa ń yá lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn mìíràn kò sọ ti ọtí. Igbó ni wọ́n ní ó ń mú èrò tuntun wá, tàbí hóró tramadol tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ó rẹ ènìyàn. Ìgbàgbọ́ yìí kò tọ̀nà, ó sì ń ba ayé àwọn ọmọ tí orí wọn pé jẹ́. Ó yẹ kí a mọ ibi tí ó ti wá, òtítọ́ díẹ̀ tó wà nínú rẹ̀, àti ibi tí ó ti ṣìnà.

Kí a má tíì bá ẹnikẹ́ni wí, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo ìdí tí òru fi jẹ́ àkókò iṣẹ́ fún wọn. Ẹni tó jókòó sí Ouando ní Àjàṣẹ́ tí ó ń ṣiṣẹ́ fún ilé-iṣẹ́ kan ní San Francisco mọ̀ pé bí aago mẹ́sàn-án àárọ̀ bá lù lọ́hùn-ún, aago márùn-ún tàbí mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ ni ti Àjàṣẹ́, bí àsìkò ọdún bá ṣe rí. Ìpàdé tí wọ́n bá fi sí ọ̀sán tiwọn, ọ̀gànjọ́ òru ló ń bọ́ sí fún wa. Bí iná bá sì ti lọ ní ọ̀sán, tí bátìrì kọ̀ǹpútà ti kú, òru kan náà ni wọn yóò fi dí wákàtí tó sọnù. Ẹni tó rẹ̀, tí ó dá wà nínú yàrá, tí ẹ̀rù ọjọ́ ìparí iṣẹ́ sì ń bà á, yóò wá ohun tí yóò gbé e ró, ibẹ̀ sì ni ọtí ti ń rí àyè wọlé.

Káàkiri ayé, ìgbàgbọ́ náà ní orúkọ. Wọ́n ń pè é ní Ballmer Peak, láti ara orúkọ Steve Ballmer tó ti jẹ́ ọ̀gá àgbà Microsoft rí. Ohun tí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń dárúkọ rẹ̀ kò mọ̀ ni pé inú àwòrán ẹ̀fẹ̀ kan tí Randall Munroe gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì ní ọdún 2007 ni ó ti jáde. Àwòrán náà sọ pé bí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ bá wà láàárín 0.129 àti 0.138 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹni náà yóò di àràmàǹdà nínú kíkọ kóòdù. Ẹni tó yà á ń dá àwọn ènìyàn lẹ́rìn-ín ni, kò sí ìwádìí kankan lẹ́yìn rẹ̀. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà a máa tètè wọ ẹni tó ń fi nọ́ńbà jẹun lọ́kàn, àwọn kan sì gbà á gbọ́ bí ẹni pé àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ló wọ̀n ọ́n.

Bí a bá tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni, ẹ jẹ́ kí a yẹ nọ́ńbà náà wò. Ẹ̀dọ̀ ènìyàn a máa mú ọtí kúrò nínú ẹ̀jẹ̀ ní ìwọ̀n bí 0.015 nínú ọgọ́rùn-ún ní wákàtí kan. Ohun tó wà láàárín 0.138 àti 0.129 jẹ́ 0.009 péré, nítorí náà, láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 36, ẹni náà yóò ti jáde kúrò nínú rẹ̀, bí ó bá sì tún mu, yóò ré e kọjá. Ìgò bíà ńlá kan tó gba sẹ̀ntílítà 65, tí agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 5 nínú ọgọ́rùn-ún, ní nǹkan bí gíráàmù 25 ọtí gidi nínú. Ọkùnrin tó wúwo tó kílò 70 yóò mu ju méjì irú rẹ̀ lọ, kíákíá, kí ó tó dé ìwọ̀n tí àwòrán náà ń sọ, nígbà náà ẹsẹ̀ rẹ̀ kì í dúró gírígírí mọ́, ahọ́n rẹ̀ sì ti wúwo. Ti sódàbì tilẹ̀ burú jù, nítorí èyí tí wọ́n sè ní abúlé láti ara ẹmu kì í ní ìwé lára ìgò tí yóò sọ bí ó ṣe le tó.

Òtítọ́ díẹ̀ wà níbẹ̀ ṣá o, n kò sì ní fi í pamọ́. Ní ọdún 2012, Andrew Jarosz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Illinois ní Chicago fún àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan ní ọtí títí tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ wọn fi dé 0.075 nínú ọgọ́rùn-ún, wọ́n sì ní kí wọ́n wá ọ̀rọ̀ kan tí yóò bá ọ̀rọ̀ mẹ́ta mìíràn mu. Àwọn tó mu rí ìdáhùn sí ìdá 58 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ìbéèrè náà, àwọn tí kò mu sì rí ìdá 42. Èyí ni àwọn tó fẹ́ràn ọtí máa ń tọ́ka sí. Ẹni tó bá ka ìwádìí yẹn dé ìparí yóò rí i pé agbára láti di nǹkan púpọ̀ mú lọ́kàn lẹ́ẹ̀kan náà dínkù lára àwọn tó mu, agbára yìí gan-an sì ni a fi ń kọ kóòdù.

Ẹ wo ọmọ kan tó ń kọ kóòdù ìsanwó orí fóònù, kí ìyá aláṣọ kan ní ọjà Ouando lè gba owó lọ́wọ́ oníbàárà rẹ̀. Oníbàárà fọwọ́ sí i pé kí wọ́n yọ 5,000 sẹ́fà. Owó kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n nẹ́tíwọ́ọ̀kì já kí èsì tó padà dé. Kí ni kóòdù yóò ṣe? Bí ó bá tún ìbéèrè náà fi ránṣẹ́ láìní nọ́ńbà tí yóò fi hàn pé ìsanwó kan náà ni, wọn yóò yọ 5,000 mìíràn, oníbàárà yóò sì san 10,000 lórí aṣọ 5,000. Bí ó bá gbà pé owó kò wọlé, ìyá náà kò ní gbé aṣọ fún ẹni tó ti sanwó. Ẹni tó ń kọ ọ́ ní láti mọ ibi tí owó wà, ibi tí ọjà wà, iye ìgbà tí wọ́n ti gbìyànjú, àti ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí oníbàárà bá pa fóònù rẹ̀ láàárín méjì, kí gbogbo rẹ̀ sì wà lọ́kàn rẹ̀ lákòókò kan náà. Iwájú ọpọlọ ni a ti ń ṣe irú ètò bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ náà ni a ti ń kó ara ẹni níjàánu, ọtí sì wà lára ohun tó tètè ń dín agbára rẹ̀ kù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó mu fi máa ń rò pé iṣẹ́ ń yá: iyèméjì tó yẹ kó dá a dúró ni ó ti lọ, àṣìṣe ṣì wà níbi tó wà.

Ọtí a máa tètè gbé ènìyàn sùn, ṣùgbọ́n oorun náà kì í ṣara lóore. Ó ń dín oorun tí a fi ń lálàá kù ní ìbẹ̀rẹ̀ òru, ó sì ń jẹ́ kí ènìyàn máa ta jí léraléra bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́ bọ̀. Àìsùn fúnra rẹ̀ sì ń ṣe bí ọtí: ní ọdún 1997, Drew Dawson àti Kathryn Reid fi hàn nínú ìwé ìròyìn Nature pé iṣẹ́ ẹni tó ti lajú fún wákàtí 17 ń bàjẹ́ tó ti ẹni tí ọtí inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ 0.05, nígbà tó bá sì pé wákàtí 24, ó ti tó 0.10. Ẹni tó bá wá mu ọtí lé irú àìsùn bẹ́ẹ̀ lórí, ẹrù méjì ló gbé karí.

Ní ti igbó, tí òfin Bẹ̀nẹ̀ kò fàyè gbà, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì Michigan bi àwọn olùkọ kóòdù 803 léèrè ọ̀rọ̀, èsì rẹ̀ sì jáde ní ọdún 2022: ìdá 35 nínú ọgọ́rùn-ún ti lo igbó rí nígbà tí wọ́n ń kọ kóòdù. Ní ọdún 2024 wọ́n gbé iṣẹ́ mìíràn jáde, nínú èyí tí ènìyàn 74 kọ kóòdù nígbà tí ojú wọn dá, tí wọ́n sì tún kọ nígbà tí wọ́n ti lo igbó. Nígbà tí igbó wà lára wọn, àṣìṣe wọn pọ̀ sí i, iṣẹ́ wọn falẹ̀, ọ̀nà tí wọ́n gbà yanjú ìṣòro kò sì yàtọ̀ sí ara wọn ju ti ìgbà tí ojú wọn dá lọ. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù níbẹ̀ ni pé àwọn fúnra wọn mọ̀ bí iṣẹ́ wọn ṣe rẹlẹ̀ sí nígbà tí wọ́n bi wọ́n. Ọ̀rọ̀ pé igbó ń mú èrò tuntun wá kò rí ẹsẹ̀ dúró lé.

Oògùn tí àwọn kan ń wá láti fi mú ọpọlọ le kò ṣe dáadáa jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọdún 2023, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Melbourne fún ènìyàn 40 tí ara wọn le ní methylphenidate, modafinil àti dextroamphetamine, wọ́n sì gbé ìṣòro àpò ẹrù fún wọn, èyí tí gbogbo ẹni tó kọ́ ìmọ̀ kọ̀ǹpútà mọ̀: àpò kan kò lè gba gbogbo ẹrù, èwo ni kí a kó kí iye owó wọn lè pọ̀ jù? Àwọn tó lo oògùn ṣe làálàá jù, wọ́n pẹ́ lórí rẹ̀ jù, ìdáhùn wọn kò sì dára tó ti ìgbà tí wọn kò lò ó.

Tramadol ni mo fẹ́ kí a fara balẹ̀ gbọ́ tirẹ̀. Oògùn ìrora ni, ẹbí morphine, tí ilé-iṣẹ́ Grünenthal ní Jámánì gbé jáde sọ́jà ní ọdún 1977. Àárẹ̀ ṣì wà lára ẹni tó lò ó. Ohun tó ń ṣe ni pé kì í jẹ́ kí ẹni náà mọ̀ ọ́n lára. Ó lè fa gìrì, ó lè mú kí èémí falẹ̀, ara a sì máa mọ́ ọn lára débi pé kò ní lè ṣe láìsí i. Bí ó bá pàdé ọtí, àwọn méjèèjì ni yóò jọ máa dín èémí kù, ènìyàn sì lè sùn kí ó má jí mọ́. Hóró tí wọ́n ń rà lọ́jà, irú èyí tó sọ Adjégounlè nínú ọjà Dantokpa ní Kútọnu di ibi olókìkí, kò sí ẹni tó lè fọwọ́ sọ̀yà ohun tó wà nínú rẹ̀, bí wọ́n tilẹ̀ kọ orúkọ àti mílígíráàmù sára páálí rẹ̀ lọ́nà tó dáa.

Kọfí àti obì yàtọ̀, ó sì yẹ kí a sọ bẹ́ẹ̀. Kaféènì inú wọn ń dí ọ̀nà mọ́ adenosine, èròjà tó ń kó jọ nínú ọpọlọ láti àárọ̀ tó sì ń mú oorun wá, nítorí náà ó ń mú kí ojú là ní tòótọ́. Àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ ní ilẹ̀ Yúróòpù sọ ní ọdún 2015 pé 400 mílígíráàmù lóòjọ́ kò léwu fún àgbàlagbà tí ara rẹ̀ le. Ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ lè wà lára fún nǹkan bíi wákàtí márùn-ún, nítorí náà ife tí a mu ní aago mẹ́wàá alẹ́ ṣì ń bá oorun jà ní aago mẹ́ta òru. Kò sì yẹ kí a pò ó mọ́ ọtí: kaféènì kò dín ọtí inú ẹ̀jẹ̀ kù rárá, kìkì pé kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ̀ bí ó ṣe mutí tó.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn mọ ọ̀gá olùkọ kóòdù tó máa ń mutí. Èmi náà gbà pé irú wọn wà. Ọdún tí ó fi kọ́ṣẹ́ ló sọ ọ́ di ọ̀gá, ọtí kan bá a níbẹ̀ ni.

Ẹni tó ti ń mu púpọ̀ lójoojúmọ́ tí ó fẹ́ jáwọ́ kò gbọ́dọ̀ dá a dúró lójijì ní òun nìkan nínú yàrá, nítorí láàárín ọjọ́ méjì sí mẹ́ta, ọwọ́ rẹ̀ lè máa gbọ̀n, gìrì lè mú un, ó sì lè máa rí ohun tí kò sí, èyí tó lè pa ènìyàn bí kò bá sí dókítà nítòsí. Kí ó sọ fún ẹnìkan nínú ẹbí, kí wọ́n sì jọ lọ sí ilé ìwòsàn. Ilé ìwòsàn ìjọba fún àìsàn ọpọlọ wà ní Jacquot ní Kútọnu, wọ́n sì ń tọ́jú àwọn tí ọtí tàbí oògùn ti wọ̀ lára níbẹ̀. Ẹni tí tramadol ti mọ́ lára náà, kí ó sọ iye hóró tó ń lò lóòjọ́ fún dókítà bó ṣe rí gan-an, kí wọ́n lè bá a dín in kù díẹ̀díẹ̀.