Kẹ̀kẹ́ ọmọ onítáyà mẹ́ta: kí ló dé tó ń fà sápá kan, kí la sì ń wò ká tó rà á?

Kẹ̀kẹ́ ọmọ tí à ń tì, tó ní táyà méjì lẹ́yìn àti ẹyọ kan níwájú, wà lọ́wọ́ àwọn òbí tó ń sáré ìdárayá ní páàkì London, ó sì wà nínú ọjà tòkunbọ̀ l'Ékòó. Ìbéèrè tí àwọn tó ní in ń béèrè kò fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra, torí pé ibì kan náà ni ọ̀pọ̀ wàhálà rẹ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀: wíìlì iwájú.

Ṣé mẹ́ta dúró dáadáa ju mẹ́rin lọ ni, àbí ó máa ń ṣubú?

Méjèèjì ni. Àwọn àgbà ní ààrò mẹ́ta kì í da ọbẹ̀ nù, òótọ́ sì ni. Bí ilẹ̀ bá rí gbágungbàgun, ohun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta á fi gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ tẹ ilẹ̀, nígbà tí ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin á gbé ọ̀kan sókè, á wá máa mì. Ìdí nìyẹn tí onítáyà mẹ́ta fi ń dùn ún tì lórí koríko, yẹ̀pẹ̀ àti ọ̀nà olókùúta.

Ṣùgbọ́n ààrò kì í já kọ́nà. Ẹni tó bá ti wọ kẹ̀kẹ́ Márúwá rí, tí awakọ̀ rẹ̀ já kọ́nà lójijì, mọ bó ṣe ń ṣe ni bíi pé ilẹ̀ fẹ́ yọ́ lọ lábẹ́ ẹni. Ìṣòro kan náà ni. Iwájú rí ṣóńṣó, kò sí ẹsẹ̀ kankan ní igun tí ìwúwo ń rọ́ lọ. Torí náà, ẹ dẹ eré kí ẹ tó yà. Ẹ má ṣe gun etí ọ̀nà tó ga láti ẹ̀gbẹ́: ẹ kọjú kẹ̀kẹ́ sí i gbọnrangandan, ẹ tẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí iwájú gbéra, kí táyà ẹ̀yìn méjèèjì sì gùn ún lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ń sọ̀ kalẹ̀, ẹ yí padà, kí táyà ẹ̀yìn kọ́kọ́ balẹ̀. Àpò ọjà kò sì gbọdọ̀ wà lọ́wọ́ kẹ̀kẹ́ rárá. Bí ẹ bá gbé ọmọ kúrò báyìí, àpò yẹn ló máa dá kẹ̀kẹ́ délẹ̀ sẹ́yìn. Apẹ̀rẹ̀ ìsàlẹ̀ ni ibi ẹrù.

Wíìlì iwájú tó ń yí sọ́tùn-ún sósì àti èyí tó dúró gbọin, èwo ni ká rà?

Ibi tí ẹ máa tì í gbà ló máa sọ. Èyí tó ń yí rọrùn nínú ṣọ́ọ̀bù, nílé ìwòsàn àti láàárín èrò, ọwọ́ kan tó láti darí rẹ̀. Èyí tó dúró gbọin kì í yà fúnra rẹ̀, àfi kí ẹ gbé iwájú rẹ̀ díẹ̀ kí ẹ tó yí i. Ìyọnu gbáà ni nínú ilé, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń sáré kò gbọdọ̀ lo òmíràn. Ohun tó bá ọ̀pọ̀ èèyàn mu ni èyí tó ń yí, àmọ́ tó ní ibi tí a ti lè tì í pa, kó dúró gbọin bí ẹ bá fẹ́ sáré. Kí ẹ tó sanwó, ẹ tì í pa, kí ẹ fi ọwọ́ mi wíìlì náà sọ́tùn-ún sósì. Bó bá ṣì ń jó nínú ihò rẹ̀, ẹ fi sílẹ̀.

Ní ọdún 1984, ní ìlú Yakima ní ìpínlẹ̀ Washington ní Amẹ́ríkà, Phil Baechler, tó fẹ́ràn eré sísá, so táyà bàísíkù mọ́ kẹ̀kẹ́ ọmọ rẹ̀ kó lè máa tì í sáré. Ibẹ̀ ni òwò kẹ̀kẹ́ ìsáré ti gbilẹ̀. Títí di òní, táyà ńlá ni a fi ń dá wọn mọ̀: ínǹṣì 16 ló sábà máa ń wà lẹ́yìn, 12 tàbí 16 níwájú. Táyà ńlá ń gun orí kòtò kékeré kọjá, táyà kékeré ń jìn sínú rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ tí táyà iwájú rẹ̀ jẹ́ ínǹṣì 8 kì í ṣe ti eré sísá, kódà bí àwòrán ara páálí rẹ̀ bá fi ẹni tó wọ bàtà ìsáré hàn.

Kẹ̀kẹ́ ìsáré tòótọ́ tún máa ń ní bíréèkì ọwọ́ àti okùn tí à ń fi sọ́rùn ọwọ́, kó má baà já mọ́ ẹni lọ́wọ́ lórí òkè. Ẹ lo okùn yẹn.

Ọmọ oṣù mélòó ló lè wọ̀ ọ́?

Ọmọ tuntun gbọ́dọ̀ dùbúlẹ̀ gbalaja, torí náà ẹ wá ìjókòó tó lè tẹ́ pẹrẹsẹ tàbí bẹ́ẹ̀dì tí à ń gbé kọ́ ọ lórí, títí di nǹkan bí oṣù mẹ́fà. Rírìn nìyẹn o. Ní ti eré sísá, ìwé àwọn tó ń ṣe kẹ̀kẹ́ sábà máa ń sọ oṣù mẹ́fà sí mẹ́jọ ó kéré tán, àwọn kan tilẹ̀ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ohun tí wọ́n ń rò ni ọrùn: ọmọ tí kò tíì lè dá jókòó kò lè gba gbígbọ̀n náà. Ẹ bi dókítà ọmọ yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ wo ìwọ̀n pẹ̀lú. Ìlànà ààbò ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní EN 1888 pín sí ọ̀nà méjì: apá kìíní wà fún kẹ̀kẹ́ tó ń gbé ọmọ tí kò ju kìlò 15 lọ, apá kejì fún èyí tó lè gbé e dé kìlò 22. Bí ọmọ yín bá sanra, tí ẹ sì fẹ́ lo kẹ̀kẹ́ náà pẹ́, apá kejì ni kí ẹ wá lára àkọlé rẹ̀.

Kí ló dé tó fi ń fà sápá kan?

Ìbéèrè yìí ló pọ̀ jù, ọ̀pọ̀ èèyàn sì ń sáré dá irin kẹ̀kẹ́ lẹ́bi. Irin ni ẹ máa wò kẹ́yìn.

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá kẹ̀kẹ́ ni, àbí ọ̀nà. Ojú títì máa ń dà sí ìhà gọ́tà kí omi lè ṣàn, kẹ̀kẹ́ á sì máa tẹ̀ lé omi. Ẹ gbé e lọ sórí ilẹ̀ tó tẹ́jú, láìsí ọmọ nínú rẹ̀. Ẹ ti wíìlì iwájú pa, ẹ ti kẹ̀kẹ́ náà síwájú, kí ẹ jẹ́ kó lọ fúnra rẹ̀ ní nǹkan bíi mítà mẹ́ta. Bó bá lọ tààrà, ọ̀nà ni. Bó bá yà, ẹ wo táyà ẹ̀yìn. Èyí tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré máa ń fa kẹ̀kẹ́ sí ìhà tirẹ̀, torí náà ẹ fún méjèèjì ní iye kan náà, kí ẹ tún dán an wò. Wíìlì iwájú ló kàn: ẹ tú u, ẹ dojú kẹ̀kẹ́ dé, kí ẹ tún wíìlì náà fi sínú fọ́ọ̀kì, ìyẹn irin ẹlẹ́sẹ̀ méjì tó di wíìlì mú, títí tí apá méjèèjì yóò fi jókòó délẹ̀ pátápátá. Kò ju ìṣẹ́jú méjì lọ, ó sì ń yanjú púpọ̀ nínú ẹjọ́ yìí.

Bí kò bá ṣì lọ tààrà, àtúnṣe kékeré ló kù. Kẹ̀kẹ́ tó ń fà sósì, wíìlì iwájú rẹ̀ kọjú sósì díẹ̀. Láti yí i sọ́tùn-ún, orí irin àárín wíìlì tó wà lápá òsì gbọ́dọ̀ sún síwájú díẹ̀. Bó bá ń fà sọ́tùn-ún, ẹ ṣe òdìkejì. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ ìsáré ní kókó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ fọ́ọ̀kì fún iṣẹ́ yìí. Ẹ yí i ní ìdá kan nínú mẹ́rin yíyí kan, kí ẹ dán an wò, kí ẹ tó tún yí i. Ẹni tó bá yí i púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan kò ní mọ ibi tó ti kúrò.

Ìgbà tí gbogbo èyí bá kùnà ni kí ẹ mú okùn. Ẹ fi wọn láti àárín wíìlì iwájú dé àárín wíìlì ẹ̀yìn ọ̀tún, lẹ́yìn náà dé ti òsì. Bí méjèèjì kò bá dọ́gba, irin ti wọ́, ó sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n fi ẹrù lé e nínú búùtù ọkọ̀. Ẹ má ṣe jẹ́ kí wẹ́dà nà án, nítorí irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti wọ́ lẹ́ẹ̀kan tí wọ́n sì nà padà máa ń sán níbi kan náà.

Wíìlì iwájú ń gbọ̀n gìrìgìrì bí mo bá yára. Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ó lè má jẹ́ bẹ́ẹ̀. Wíìlì tó ń yí máa ń gbọ̀n bí eré bá pọ̀, bíi ti kẹ̀kẹ́ ìkẹ́rù inú súpámákẹ́ẹ̀tì. Ẹ tì í pa. Bó bá ń gbọ̀n nígbà tí ẹ ń rìn jẹ́jẹ́, ẹ fún nọ́ọ̀tì tó wà lókè fọ́ọ̀kì le díẹ̀, kó ṣì lè yí ṣùgbọ́n kó má mì. Lẹ́yìn náà ẹ wo ìlà tó yí etí táyà ká. Bí ìlà náà bá rì sínú irin níbì kan tó sì yọ níbòmíràn, táyà kò jókòó dáadáa. Ẹ tú afẹ́fẹ́ rẹ̀, ẹ fi ọwọ́ tún un ṣe yíká, kí ẹ tún fẹ́ ẹ.

Ọ̀rọ̀ wíìlì tí a ń fi ọ̀pá kékeré pa dé, tí kò nílò sípánà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ní ọdún 2018, CPSC, àjọ tó ń rí sí ààbò ọjà ní Amẹ́ríkà, gbé ilé-iṣẹ́ kan lọ sílé ẹjọ́ nítorí irú wíìlì iwájú bẹ́ẹ̀ tó ń yọ lẹ́nu ìrìn, tó sì ń ṣe ọmọ àti àgbà léṣe. Pípa á dé yàtọ̀ sí yíyí i bíi bóòtì. Ẹ kọ́kọ́ fún nọ́ọ̀tì òdìkejì títí tí ọ̀pá náà yóò fi le bó bá dé àárín ọ̀nà, kí ẹ wá fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ̀ ẹ́ pa. Bí kò bá fi àpá sí àtẹ́lẹwọ́ yín, kò tíì le tó. Ní gbogbo ìgbà tí ẹ bá máa jáde, ẹ gbé iwájú kẹ̀kẹ́ sókè kí ẹ sì fa wíìlì náà.

Afẹ́fẹ́ mélòó ni, kí la sì ń ṣe bó bá lu?

Iye tí ó gbà wà lára táyà fúnra rẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín PSI (òṣùwọ̀n agbára afẹ́fẹ́ inú táyà) 20 sí 35. Pọ́ǹpù ọwọ́ ti bàísíkù ló dára jù. Ẹ̀rọ fọkanáísà, tó wà fún táyà ọkọ̀, lè bẹ́ túùbù kékeré yìí ká tó ṣẹ́jú. Bí ẹ bá sì máa fi kẹ̀kẹ́ sílẹ̀ nínú búùtù nínú oòrùn ọ̀sán, ẹ má ṣe fẹ́ ẹ dé òpin, torí ooru á tún fi kún un.

Láti lẹ̀ ẹ́: ẹ yọ wíìlì, ẹ tú gbogbo afẹ́fẹ́. Ẹ fi ọwọ́ ti etí táyà yíká sí àárín irin kó lè dẹ̀, kí ẹ wá fi ìdí ṣíbí oníke méjì yọ etí kan. Ẹ má ṣe lo súkúdiráfà, òun ló ń lu ihò kejì. Ẹ fa túùbù jáde, ẹ fẹ́ ẹ, ẹ tẹ̀ ẹ́ bọ omi kí ẹ rí ibi tó ń hó. Kí ẹ tó dá a padà, ẹ fi àkísà nu inú táyà yíká, ẹ má fi ìka lásán. Ẹ̀gún tó fa ọ̀ràn lè ṣì wà níbẹ̀. Ẹ fi sáńdípépà ha ojú ihò, ẹ fi gúlúù sí i, ẹ dúró ìṣẹ́jú bíi márùn-ún títí tí kò ní lẹ̀ mọ́ ìka, kí ẹ tó tẹ rọ́bà lé e. Páúdà ọmọ díẹ̀ lórí rẹ̀ kò ní jẹ́ kó lẹ̀ mọ́ táyà. Ẹ fẹ́ túùbù díẹ̀ kí ẹ tó kì í wọlé, kí ó má baà há sábẹ́ etí irin.

Bí ihò bá jẹ́ méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kì í ṣe ẹ̀gún. Afẹ́fẹ́ ló kéré, tí etí irin fi gé túùbù nígbà tí kẹ̀kẹ́ kọlu etí ọ̀nà.

Bí ẹ bá máa ra túùbù tuntun, ẹ kọ nọ́ńbà ara táyà sílẹ̀. 12½ × 2¼ wọ́pọ̀, òun náà ni ọ̀pọ̀ bàísíkù ọmọdé ń lò, torí náà ẹ lè rí i lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta bàísíkù. Ẹ béèrè èyí tí ọrùn rẹ̀ tẹ̀, kí ẹnu pọ́ǹpù lè ráàyè wọ àárín wíìlì kékeré.

Táyà aláìní afẹ́fẹ́ ńkọ́?

Kì í lu, ìyẹn dára nílẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún. Ṣùgbọ́n ó le, ọmọ á mọ gbogbo kòtò, bó bá sì jẹ, odindi wíìlì lẹ máa rà.

Báwo la ṣe ń fọ̀ ọ́, òróró wo la sì ń fi sí i?

Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ díẹ̀, pẹ̀lú kànìnkànìn. Ẹ má ṣe gbé e lọ síbi tí wọ́n ti ń fi omi líle fọ mọ́tò, ńṣe ni omi yẹn máa wọ inú bíárìn lọ. Jíkì kò gbọdọ̀ kan bẹ́líìtì, torí ó ń jẹ fọ́nrán rẹ̀ láìfi àmì hàn. Bí ẹ bá ti etí òkun dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ ṣan án lọ́jọ́ náà. Ní ti òróró, epo ẹ́ńjìnì ń kó iyanrìn jọ, iyanrìn á wá di sáńdípépà sínú wíìlì. Sílíkónì tí à ń fín ló tọ́, díẹ̀ lórí irin àárín wíìlì lẹ́yìn tí ẹ bá ti nù ún gbẹ.

Ẹ wo bíréèkì ẹsẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ ti kẹ̀kẹ́ síwájú: wíìlì ẹ̀yìn méjèèjì ló gbọ́dọ̀ dúró. Bó bá jẹ́ ọ̀kan ló dúró, ìdọ̀tí ló dí ihò tàbí okùn ló ti dẹ̀.

Tòkunbọ̀ ni mo fẹ́ rà. Kí ni kí n wò?

Ẹ ṣí i, ẹ pa á dé, ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún. Ó gbọ́dọ̀ ró “kà” ní gbogbo ìgbà. Bẹ́líìtì gbọ́dọ̀ mú ọmọ níbi márùn-ún: èjìká méjì, ìbàdí méjì, àárín itan. Ẹ tẹ ara táyà wò bóyá ó ti sán wẹ́wẹ́. Ẹ ka orúkọ, nọ́ńbà àti ọdún tí wọ́n ṣe é lára àkọlé, kí ẹ wá a lórí íkànnì CPSC bóyá wọ́n ti pè é padà. Èyí tí wọ́n ti ya àkọlé rẹ̀ kúrò, ẹ má rà á lówó kankan.

Ẹ wọn búùtù ọkọ̀ yín pẹ̀lú, torí onítáyà mẹ́ta máa ń gùn kódà nígbà tí wọ́n bá pa á dé. Ẹni tó ń gbé òkè kẹta láìsí ẹ̀rọ agbéniròkè, tó sì ń wọ dánfó, kò nílò rẹ̀: kí ó pọn ọmọ. Ní London sì rèé, ẹni tó wà nínú kẹ̀kẹ́ aláàbọ̀ ara ló ni àyè inú bọ́ọ̀sì ṣáájú. Bó bá wọlé, ẹ̀yin lẹ máa pa tiyín dé. Ẹ dán an wò nínú ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú ọmọ lápá kan, bóyá ọwọ́ kan ṣoṣo tó kù lè pa á dé.