Bí Ìdílé Ọba Ṣe Ń Dìde, Tó sì Ń Wó ní Íjíbítì Àtijọ́

Manetho, àlùfáà ọmọ Íjíbítì tó fi èdè Gíríìkì kọ ìtàn ilẹ̀ rẹ̀ ní ọ̀rúndún kẹta ṣáájú ìbí Kristi, ló pín àwọn ọba Íjíbítì sí ìdílé 30, ìpín náà sì ni àwọn onítàn ṣì ń lò. Ẹni tó bá ka orúkọ àwọn ọba wọ̀nyí tẹ̀léra lè rò pé ogun nìkan ló ń gbé ìdílé kan gorí ìtẹ́, tó sì ń lé òmíràn kúrò. Ogun jà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kó tó jà, ọkà ti máa ń kúrò ní àká ọba bọ́ sí àká ẹlòmíràn.

Lọ́dọọdún, odò Náìlì a kún bo oko, a sì fi ilẹ̀ ọlọ́ràá sílẹ̀ nígbà tó bá fà. Àwọn akọ̀wé ọba a wọn oko, wọn a ka màlúù, wọn a sì gba ìṣákọ́lẹ̀ lórí ohun tí àgbẹ̀ bá kórè. Ohun tí wọ́n bá gbà yìí ló ń bọ́ ìjòyè, ló ń bọ́ agbẹ́kùúta, òun náà ló sì gbé pírámìdì Khufu, ọba ìdílé kẹrin, ró ní Giza títí ó fi ga tó nǹkan bí mítà 146. Àwọn ọmọ ọba àti ìbátan rẹ̀ ló sábà máa ń jẹ olórí ìjòyè nígbà náà, nítorí náà agbára kì í jáde kúrò lágbo ilé ọba.

Láti ìdílé karùn-ún ni iṣẹ́ ìjọba ti pọ̀ ju ohun tí ìbátan ọba lè dá ṣe lọ. A ní láti fi nǹkan tu àwọn tí kì í ṣe ìbátan ọba tó gba ipò lójú, kò sì tíì sí owó ẹyọ, nítorí náà ilẹ̀ ni ọba ń fi ta wọ́n lọ́rẹ. Ilẹ̀ tún ń lọ sọ́dọ̀ àwọn òkú: ọba kọ̀ọ̀kan ló ń ya oko sọ́tọ̀ tí yóò máa bọ́ àwọn àlùfáà ibojì rẹ̀, èyí tí ọba tuntun bá sì yà sọ́tọ̀ a kún ti àtẹ̀yìnwá. Nígbà tó di ìdílé kẹfà, àṣẹ ọba tí wọ́n gbẹ́ sára òkúta ní Koptos ti yọ tẹ́ńpìlì òrìṣà Min kúrò nínú ìṣákọ́lẹ̀ àti iṣẹ́ ọba. Àwọn ajẹ́lẹ̀ pàápàá kì í sáábà wá sin òkú wọn sẹ́bàá ọba ní Memphis, olú ìlú, mọ́. Ibi tí wọ́n ń ṣàkóso ni wọ́n ń gbẹ́ ibojì wọn sí, ọmọ wọn ló sì ń jogún ipò náà. Pepi Kìíní, ọba ìdílé kẹfà, fẹ́ ọmọbìnrin méjì láti ilé olókìkí kan ní Abydos, arákùnrin wọn, Djau, sì di olórí ìjòyè. Lójú tèmi, kò sí ẹ̀rí tó hàn gbangba ju èyí lọ pé ọba ti ń wá ẹni tí yóò gbè é lẹ́yìn.

Ọmọdé ni Pepi Kejì nígbà tó gorí ìtẹ́. Manetho ní ó lo ọdún 94, bí àwọn onímọ̀ kan tilẹ̀ sọ pé kò tó bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, ọba ń jẹ, ọba ń wàjà ní kíákíá. Ní nǹkan bí ọdún 2200 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀dá mú àwọn ilẹ̀ tó yí ibẹ̀ ká, odò Náìlì kò sì kún bó ṣe yẹ. Ọba tó ti pín ọkà rẹ̀ tán kò ní ohun tí yóò fi ran ìlú lọ́wọ́. Ankhtifi, ajẹ́lẹ̀ kan ní gúúsù, kọ ọ́ sára ibojì rẹ̀ ní Mo'alla pé òun ló bọ́ àwọn ènìyàn òun nígbà ìyàn. Mo gbà pé ẹni tó bá bọ́ ìlú nígbà ìyàn ti gba ìlú náà tán, láìtíì gorí ìtẹ́ kankan.

Irú ilé ajẹ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀, ní Thebes, ìlú kan ní gúúsù, ni ìdílé kọkànlá ti wá. Mentuhotep Kejì, ọba ìdílé náà, ló tún ilẹ̀ Íjíbítì tó ti pín so pọ̀ ní nǹkan bí ọdún 2050 ṣáájú ìbí Kristi. Ìdílé kejìlá tó tẹ̀ lé e kọ́ ìlú ọba tuntun, Itjtawy, nígbà tó sì fi máa di ayé Senusret Kẹta, ibojì ńláńlá àwọn ajẹ́lẹ̀ ti ń dín kù. Àìsí àrólé ọkùnrin ló jọ pé ó parí ìdílé yìí: Sobekneferu, obìnrin kan, ló jọba kẹ́yìn, kò sì pé ọdún mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ ọba ìdílé kẹtàlá kò pẹ́ lórí ìtẹ́, ṣùgbọ́n àwọn akọ̀wé àti olórí ìjòyè ń bá iṣẹ́ lọ, ìṣákọ́lẹ̀ ṣì ń wọlé, Íjíbítì kò sì fọ́ fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn náà.