Dial M for Murder: kọ́kọ́rọ́ yẹn gan-an ńkọ́?

Ẹ̀yin tẹ́ ò bá tíì wo fíìmù Alfred Hitchcock yìí, ti 1954, ẹ lọ wò ó ná o, torí mo máa tú gbogbo àṣírí ẹ̀ síta.

Ìbéèrè: Tony mọ̀ pé Margot ìyàwó ẹ̀ ti yan àlè, kí ló dé tí ò kàn kọ̀ ọ́ sílẹ̀?

Owó ni. Tony ti fi tẹníìsì sílẹ̀, Margot ló lówó, tí wọ́n bá tú ká, ọwọ́ òfìfo ló máa gbé kúrò nílé yẹn, àmọ́ tí Margot bá kú, Tony ló máa jogún ẹ̀. Àwọn kan ní owú ni, èmi ò gbà. Ẹni tí owú ń gùn ò ní sùúrù àtimáa yọ owó díẹ̀díẹ̀ ní báńkì títí tó fi pé £1,000 kẹ́nikẹ́ni má baà fura.

Ìbéèrè: Ṣé torí £1,000 nìkan ni Swann ṣe gbà láti bá Tony pa Margot, ẹni tí ò mọ̀ rí?

Rárá. Wọ́n jọ wà ní Cambridge, Tony sì ti ń ṣọ́ ọ, ó mọ gbogbo jìbìtì ẹ̀. Ó tún dọ́gbọ́n jẹ́ kí ìka Swann kan lẹ́tà tí Mark, àlè Margot, kọ sí i, lẹ́tà yẹn náà sì ni Tony fi ń halẹ̀ mọ́ Margot ní bòńkẹ́lẹ́ pé kó mówó wá. Tí Swann bá kọ̀, Tony á ní Swann ló wà nídìí ẹ̀.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́, kọ́kọ́rọ́ yẹn ò yé mi rárá.

Ó rújú lóòótọ́, ẹ fara balẹ̀. Tony yọ kọ́kọ́rọ́ Margot nínú báàgì ẹ̀, ó fi í pamọ́ sábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì orí àtẹ̀gùn níta kí Swann lè rí i. Swann ṣílẹ̀kùn, àmọ́ kó tó wọlé ló ti dá a padà sábẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì lójú ẹsẹ̀, Tony ò sì mọ̀. Margot wá fi àlùmọ́gàjí gún Swann pa, Tony sáré dé, ó rí kọ́kọ́rọ́ lápò òkú, ó rò pé ti Margot ni, ó jù ú sínú báàgì ìyàwó ẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ilé Swann fúnra ẹ̀ mà ni!

Àwọn èèyàn ń sọ pé kò bọ́gbọ́n mu kí Swann dá a padà kíákíá bẹ́ẹ̀. Èmi rò pé ó bọ́gbọ́n mu dáadáa, ta ló fẹ́ kí wọ́n bá kọ́kọ́rọ́ ilé onílé lápò òun nígbà tó bá ń sá lọ? Ibi tí èmi ò lè gbà ni ti ilé ẹjọ́: wọ́n dájọ́ ikú fún Margot pé ńṣe ló mọ̀ọ́mọ̀ pa Swann, odindi ẹjọ́ ìpànìyàn, kò sì sẹ́ni tó kọ́kọ́ fi kọ́kọ́rọ́ inú báàgì yẹn dán ilẹ̀kùn wò! Kí sì ló dé tí kò sẹ́ni tó béèrè ìdí tí wọn ò fi bá kọ́kọ́rọ́ kankan lára òkú? Ọkùnrin tó ní ilé tó ń gbé!

Ìbéèrè: Ṣé ó ṣeé gbà gbọ́ pé Tony á kó sí páńpẹ́ Hubbard?

Bẹ́ẹ̀ ni, ibẹ̀ ló dùn mọ́ mi jù. Hubbard, ọlọ́pàá yẹn, ò fipá mú un rárá, ó kàn jẹ́ kó dé ẹnu ọ̀nà láìní kọ́kọ́rọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Hubbard ti kọ́kọ́ jẹ́ kí Margot fi kọ́kọ́rọ́ inú báàgì yẹn gbìyànjú, kò rí i ṣí, kò sì wo abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì torí kò mọ̀ pé nǹkan kan wà níbẹ̀. Tony náà gbìyànjú, kò ṣí, ó ti ń lọ, ó dúró, ó rò ó, ó wá padà lọ tẹ ọwọ́ bọ abẹ́ káàpẹ́ẹ̀tì, bó ṣe fi hàn nìyẹn pé òun mọ̀ nípa kọ́kọ́rọ́ ibẹ̀. Ẹni tí orí ẹ̀ ò pé tó tiẹ̀ ò ní rò ó débẹ̀ láé, á kàn gba ilé ọ̀rẹ́ lọ ni.